Emmanuel Olisadebe: Ọmọ Warri tó gbé Pólándì dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Daejeon, ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Kòríà, lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹfà, ọdún 2002. Ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Pólándì àti ti Amẹ́ríkà ló ń wàákò nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n tíì fi gbá bọ́ọ̀lù tí góòlù àkọ́kọ́ fi wọlé fún Pólándì. Ẹyẹ idì Pólándì ló wà láyà ẹni tó gbá a wọlé, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ ọmọ ní Warsaw. Olisadebe ni.

Bí ẹ bá ń wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ní Warri, ní Onitsha tàbí ní Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín ibi tí orúkọ náà ti wá. Bẹ́ẹ̀ ẹyẹ idì kan náà ni Nàìjíríà ń lò. Super Eagles wà ní Japan nínú ìdíje kan náà. Argentina àti Sweden fi àgbà hàn wọ́n, wọ́n sì gbá ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú England. Góòlù kan ṣoṣo ni wọ́n rí jẹ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Julius Aghahowa ló sì jẹ ẹ́.

Báwo ni ọmọ tí wọ́n bí sí Warri ṣe wá di ẹni tí odidi orílẹ̀-èdè kan ní ilẹ̀ Yúróòpù gbójú lé? Kí ló rí gbà níbẹ̀, kí ló sì ná an? Ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí nìyẹn.

Láti Warri dé Warsaw

Ọjọ́ 22, oṣù Kejìlá, ọdún 1978 ni wọ́n bí Emmanuel Olisadebe sí Warri, ìlú epo rọ̀bì tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Orúkọ Ìgbò ni orúkọ rẹ̀. Olisa ni àwọn Ìgbò apá Delta àti Onitsha máa ń pe Ọlọ́run. Jasper United ti ìlú Onitsha ni ẹgbẹ́ tó gbà á sílé kó tó rìnrìn àjò.

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Lọ́dún 1996, àwọn ọmọ Nàìjíríà gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú ìdíje Olympics ní Atlanta, wọ́n na Brazil, wọ́n sì na Argentina. Láti ìgbà náà, gbogbo ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá ní Nàìjíríà ló ń lálàá òkè òkun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni Ajax tàbí Inter Milan máa pè bíi ti Kanu Nwankwo. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn mìíràn gba Belgium, àwọn mìíràn gba Turkey, àwọn kan sì gba ìlà oòrùn Yúróòpù.

Ní Pólándì, ìjọba Kọ́múníìsì ti kógbá sílé láti ọdún 1989. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀ kò ní owó tí wọ́n ń ná ní Ítálì tàbí Jámánì, àmọ́ wọ́n lè wá ọmọ tó mọṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tíì wọ́n. Báyìí ni Polonia Warszawa ṣe mú Olisadebe lọ́dún 1997, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.

Ẹni tó bá ti gbé ìlú òtútù rí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Yìnyín ń bo ilẹ̀ ní Warsaw nígbà òtútù, oòrùn kì í pẹ́ wọ̀. Èdè Polish kò jọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì jọ Ìgbò. Èèyàn dúdú kò wọ́pọ̀ ní ìgboro rárá nígbà náà. Ọmọkùnrin náà ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀, kó sì tún gbá bọ́ọ̀lù tó máa jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú pápá

Ohun kan kò bo ẹnikẹ́ni lójú: ó yára. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn àwọn adẹ̀yìnmú, òun ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Kò ga ju ẹlòmíràn lọ, kì í sì í fi bọ́ọ̀lù dárà lásán. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó sáré àti ìgbà tó yẹ kó dúró, ó sì máa ń gbá a sáwọ̀n láìro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn olólùfẹ́ Polonia fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn alátakò tó jókòó nínú pápá ìṣeré kan náà máa ń han bí ọ̀bọ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lù ú nínú pápá. Ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà yìí kò pamọ́, ìwé ìròyìn kọ ọ́, gbogbo ìlú sì mọ̀ nípa rẹ̀.

Góòlù ni ó fi ń fèsì. Lọ́dún 2000, Polonia Warszawa gba ife líìgì Pólándì, èyí tí wọn kò gbà mọ́ láti ọdún 1946. Odidi ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni wọ́n fi retí rẹ̀. Orí pápá Legia, ọ̀tá wọn nínú ìlú Warsaw kan náà, ni wọ́n ti fi góòlù mẹ́ta sí òdo rí ife náà gbà. Aṣọ dúdú ni Polonia máa ń wọ̀, orúkọ ìnagijẹ wọn sì ni "Àwọn Aṣọ Dúdú". Lọ́dún náà, ọmọ dúdú láti Warri wà lára àwọn tó mú kí orúkọ yẹn gbayì.

Gègé ìkọ̀wé Ààrẹ

Lásìkò yìí, ìṣòro ńlá kan wà nílẹ̀ fún Pólándì. Orílẹ̀-èdè tó gba ipò kẹta nínú ìdíje àgbáyé lọ́dún 1974 àti 1982 kò tíì padà síbẹ̀ láti ọdún 1986. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń sún mọ́ ìparí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìrí ikọ̀ ìlú rẹ̀ níbi ìdíje náà rí. Wọ́n ní aṣọ́lé tó dára, ìyẹn Jerzy Dudek, wọ́n ní adẹ̀yìnmú tó le. Atamátàsé ni wọn kò ní.

Jerzy Engel ni wọ́n fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun lọ́dún 2000. Engel mọ Olisadebe dáadáa láti Polonia. Òun ló gbé àbá náà kalẹ̀ pé kí wọ́n fún ọmọkùnrin yìí ní ìwé ọmọ onílẹ̀. Lábẹ́ òfin Pólándì, ó yẹ kí àlejò ti gbé ìlú fún ọdún márùn-ún kó tó tọrọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, Olisadebe kò sì tíì lò ju bí ọdún mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n òfin ìlú náà fún Ààrẹ láṣẹ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹnikẹ́ni di ọmọ onílẹ̀. Ní oṣù Keje, ọdún 2000, Ààrẹ Aleksander Kwaśniewski buwọ́ lùwé náà.

Awuyewuye kò ṣaláì wáyé. Àwọn kan ní ṣé ọjà ni jíjẹ́ ọmọ Pólándì ni, tí wọ́n fi ń wá góòlù. Àwọn mìíràn ní ẹni tó ń gbé ìlú, tó sì ń san owó orí, kí ló tún kù?

Ní Nàìjíríà náà, àwọn èèyàn béèrè pé kí ló dé tí Super Eagles kò fi pè é. Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Lóṣù Kejì ọdún 2000, Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè nílùú Èkó, níbi tí Cameroon ti fi pẹnáritì gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́. Kanu, Ikpeba, Babangida, Aghahowa, gbogbo wọn ló wà nílẹ̀. Ta ni yóò rántí wo líìgì Pólándì? Ohun tó pọ̀ jù nílé kan, òun ni wọ́n ń fi àtùpà wá nílé kejì.

Góòlù mẹ́jọ

Lọ́jọ́ 16, oṣù Kẹjọ, ọdún 2000, Olisadebe wọ aṣọ Pólándì fún ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n lọ bá Romania nílùú Bucharest. Òun ni ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀mì 1-1 ni wọ́n gbá, òun ló sì jẹ góòlù Pólándì.

Lẹ́yìn náà ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìpegedé fún Ife Àgbáyé bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe tẹ̀léra, nítorí nọ́ńbà wọ̀nyí ló fa ọ̀rọ̀ gbogbo.

Ní Kyiv, lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, Ukraine ní Andriy Shevchenko, ọ̀kan lára àwọn atamátàsé tó mú jù lágbàáyé nígbà náà. Shevchenko jẹ góòlù kan. Olisadebe jẹ méjì, Pólándì sì borí pẹ̀lú 3-1. Ní Oslo, lóṣù Kẹta ọdún 2001, ó tún jẹ méjì nígbà tí wọ́n na Norway 3-2. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó jẹ ọ̀kan nínú mẹ́rin tí wọ́n fi na Armenia. Ní Cardiff, lóṣù Kẹfà, ó jẹ ọ̀kan nígbà tí wọ́n na Wales 2-1.

Nígbà tó di ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001, Norway wá sí pápá ìṣeré ńlá tó wà nílùú Chorzów. Pólándì na wọ́n 3-0, Olisadebe jẹ ọ̀kan níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí fèrè ṣe dún, ìrètí ọdún mẹ́rìndínlógún dópin. Pólándì ti pegedé.

Góòlù mẹ́jọ ló jẹ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìpegedé náà. Orúkọ tí àwọn ọlọ́rọ̀ lórí rédíò Pólándì kò rí pè dáadáa lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn ti wá di orúkọ tí ọmọdé ń pariwo ní ojú pópó. Àwọn Yorùbá ní ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mọ ẹni tó fẹ́ni. Ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lù ni wọ́n wá ń gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀.

Ṣé ẹlẹ́yàmẹ̀yà wá tán ni? Rárá o. Ariwo ọ̀bọ kò kúrò nínú pápá ìṣeré Pólándì nítorí ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣì gbọ́ ọ. Nígbà tí Pólándì àti Ukraine ń múra láti gbàlejò ìdíje Euro lọ́dún 2012, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú pápá ìṣeré ìlú méjèèjì ni gbogbo ayé ń sọ. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí agbábọ́ọ̀lù kan kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún gbogbo ẹni tó jọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kòríà

Ìrètí pọ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ sí Gúúsù Kòríà lọ́dún 2002. Ṣùgbọ́n nílùú Busan, àwọn onílé fi 2-0 lé wọn lọ. Lẹ́yìn náà, Portugal fi góòlù mẹ́rin sí òdo lù wọ́n nílé lóko, Pauleta nìkan jẹ mẹ́ta níbẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, òdo góòlù. Pólándì ti bọ́ nínú ìdíje kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta tó dé.

Ọjọ́ Daejeon tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ni ó kù. Olisadebe jẹ góòlù ní ìṣẹ́jú kẹta, Paweł Kryszałowicz jẹ èkejì kété lẹ́yìn rẹ̀, Marcin Żewłakow sì jẹ ẹ̀kẹta. Wọ́n na Amẹ́ríkà 3-1. Amẹ́ríkà ló tẹ̀ síwájú síbẹ̀síbẹ̀, Pólándì sì di ẹrù padà sílé pẹ̀lú ipò ìkẹyìn nínú ìsọ̀rí wọn.

Ìbínú pọ̀ nílé. Engel kúrò nípò. Ṣùgbọ́n góòlù Daejeon wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè pa á rẹ́.

Athens, àti orúnkún tó kọ̀

Kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìpegedé tó parí ni Olisadebe ti kúrò ní Warsaw. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001, Panathinaikos ti ìlú Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì rà á. Ibẹ̀ ni gbogbo Yúróòpù ti wá mọ̀ ọ́n.

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, Arsenal tí Arsène Wenger ń darí wá sí Athens nínú ìdíje Champions League. Góòlù kan ṣoṣo ló wọlé lálẹ́ náà, Olisadebe ló sì jẹ ẹ́. Panathinaikos dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ nínú ìdíje náà. Wọ́n na Barcelona 1-0 nílé, kí Barcelona tó fi 3-1 lé wọn jáde. Ní ọdún kejì, nínú ìdíje UEFA Cup, wọ́n lọ bá Porto ti José Mourinho nílé, Olisadebe sì jẹ góòlù tí wọ́n fi borí 1-0. Porto yí i padà ní Athens, wọ́n sì gba ife náà nígbẹ̀yìn.

Lọ́dún 2004, Panathinaikos gba ife líìgì àti ife ẹ̀yẹ Gíríìsì pọ̀ lọ́dún kan ṣoṣo. Wọn kò tíì gba líìgì mọ́ láti ọdún 1996.

Àmọ́ orúnkún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bọ́ọ̀lù, ẹ mọ̀ pé ẹni tí eré sísá jẹ́ ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ kò lè fi orúnkún ṣeré. Orúnkún ló ń gbé e, orúnkún náà ló sì já a jù sílẹ̀. Ó ń farapa, ó ń tọ́jú ara, ó ń padà wá, ó sì tún ń farapa. Ìwọ̀nba ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbá ń dín kù lọ́dọọdún. Lọ́dún 2004 ló gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn fún Pólándì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 25 àti góòlù 11. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ atamátàsé ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń gbóná sí i.

Lóṣù Kìíní ọdún 2006, Portsmouth mú un lọ sí Premier League ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré ló gbá níbẹ̀, kò sì jẹ góòlù kankan. Ó padà sí Gíríìsì, sí Skoda Xanthi. Ó gba Cyprus kọjá. Lọ́dún 2008, ó forí lé Ṣáínà, níbi tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Henan, tó sì tún rí góòlù jẹ dáadáa níbẹ̀. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kọ̀ kò jókòó sílé ká wọ́ lọ́wọ́. Níbi tí iṣẹ́ bá ṣì wà, ó lọ síbẹ̀.

FIFA ti ilẹ̀kùn

Ohun kan wà tí ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ ìtàn yìí gbọ́dọ̀ mọ̀: ọ̀nà tí Olisadebe gbà, òfin ti dí i.

Nígbà tirẹ̀, bí orílẹ̀-èdè bá ti fún agbábọ́ọ̀lù ní ìwé ọmọ onílẹ̀, tí kò sì tíì gbá ìdíje fún ikọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, ó parí náà nìyẹn. Lọ́dún 2004, Qatar fẹ́ sọ àwọn ará Brazil mẹ́ta tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Jámánì di ọmọ Qatar, láìjẹ́ pé wọ́n ti gbé ibẹ̀ rí. Àjọ FIFA fárígá. Wọ́n ní agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ní àjọṣe tó ṣe kedere pẹ̀lú ìlú tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù fún: kí wọ́n bí i síbẹ̀, tàbí kí wọ́n bí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ síbẹ̀, tàbí kó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán. Lọ́dún 2008, wọ́n sọ ọdún méjì náà di márùn-ún, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Olisadebe dé Pólándì lọ́dún 1997. Bí òfin 2008 bá ti wà nílẹ̀ nígbà náà, gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìpegedé yẹn ìbá ti parí kó tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ aṣọ. Góòlù mẹ́jọ náà ìbá má wáyé.

Àwọn tí ẹ ń rí lónìí yàtọ̀ sí i. David Alaba, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògèrè Rẹ́mọ, ìlú Vienna ni wọ́n bí i sí kó tó di balógun Austria. Bukayo Saka, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, London ni wọ́n bí i sí. Ademola Lookman náà, London ni wọ́n bí i sí, ó gba ife àgbáyé àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú England lọ́dún 2017, kó tó yàn láti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, tó sì di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2024. Àwọn wọ̀nyí ní ilé méjì láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Ilé kan ni Olisadebe ní. Ìkejì, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ọ ni.

Ta ló jẹ ta ní gbèsè?

Àwọn kan ṣì máa ń sọ pé ó já Nàìjíríà jù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles rí kó tó wọ aṣọ Pólándì.

Àwọn mìíràn ní Pólándì lò ó tán, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ìlú náà fún un ní ìwé, ó fún un ní ìyàwó, ó fún un ní orúkọ tó gbé e dé Athens. Òun náà dá ìlú náà padà síbi tí wọn kò dé fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Lọ́dún 2008, nígbà tí Ààrẹ Lech Kaczyński fún Roger Guerreiro, ọmọ Brazil, ní ìwé ọmọ onílẹ̀, tí ìyẹn sì jẹ góòlù kan ṣoṣo tí Pólándì ní nínú Euro ọdún náà, ojú ọ̀nà tí ọmọ Warri ti là ni ó tọ̀.

Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé, ká ní Olisadebe kò jẹ góòlù mẹ́jọ ńkọ́? Ká ní orúnkún rẹ̀ kọ̀ lọ́dún 1999, kó tó di ẹni ńlá? Ó ṣeé ṣe kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn nìkan jẹ́ ohun tí ì bá rántí nípa Pólándì. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà ní ìlú òtútù lónìí, tí wọn kò mọ bọ́ọ̀lù gbá, tí wọ́n ń kó ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí, tí wọ́n ń tọ́jú arúgbó, tí wọ́n ń wa tasín, kò sí ààrẹ tó máa bá wọn buwọ́ lu ìwé kíá. Ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ń tò. Àwọn náà ń ṣiṣẹ́ fún ìlú tí wọ́n wà, àmọ́ kò sí fèrè tó ń dún fún iṣẹ́ tiwọn, kò sì sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá tún rí àwòrán góòlù Daejeon yẹn, ẹ wò ó dáadáa. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló gbà. Ọdún márùn-ún ló fi rìn débẹ̀.